Bí Mo Ṣe Ra Ẹsẹ̀ Tuntun Fún Ọkọ̀ Mi

Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí kẹ́yìn. Ẹni tó bá rò pé ìtumọ̀ orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ oríkì ni mo tún gbé dé lónìí, kí ó jọ̀wọ́ fi sùúrù gbà mí láàyè, nítorí pé ọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, táyà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ilẹ̀ wa ń pè é títí di òní olónìí, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí a yá lọ́wọ́ òyìnbó lọ, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe gan-an. Òun nìkan ni ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ń kan ilẹ̀. Ibi tí táyà kan fi ń tẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ọkọ̀ tó wúwo ju 1,500 kìlógíráàmù yóò wá gbé gbogbo ara rẹ̀, àti ẹ̀mí àwọn tó wà nínú rẹ̀, lé àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin.

Kì í ṣe fàájì ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi ń gbé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Òkè-Ihò, ní Òkè-Ògùn, níbi tí òun àti bàbá mi ti dá oko fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Láti ìgbà tí bàbá mi ti papò dà ni èmi àti àbúrò mi ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa bọ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ńṣe ló máa ń bi wá léèrè pé kí ni òun fẹ́ máa wò láti ojú fèrèsé ilé alájà. Ilé òun nìyẹn, adìyẹ òun nìyẹn, sàréè ọkọ òun nìyẹn. Àgbàlagbà kì í ṣe ẹrù tí a ń dì sínú ọkọ̀ tipátipá, nítorí náà a fi í sílẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán, wọ́n pè mí lórí fóònù pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lè di ṣíbí mú mọ́. Mo gbéra ní Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà ni mo gbà dé Òkè-Ihò, ó lé ní 100 kìlómítà, kò sì sí wàhálà níbẹ̀. Kìlómítà 9 tó kù ni ìyọnu wà. Ilẹ̀ pupa ni. Ní ibi gíga, òkúta wẹ́wẹ́ tó mú bí abẹ ló wà lójú ọ̀nà; ní gbogbo ibi ìsàlẹ̀ tó kángun sí odò, amọ̀ ni. Mo tiraka dé abúlé, a gbé Màámi sí ẹ̀yìn ọkọ̀, a kọjú sí ọ̀nà. A kò tíì rìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ tí ọkọ̀ fi rì sínú ẹrẹ̀ létí odò. Mo tẹ iná mọ́ ọn, táyà ń pòyì, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tan iná fóònù sí ara táyà: amọ̀ ti dí gbogbo ìlà ara rẹ̀ pa, ó ń dán bí orí apárí.

Láti nǹkan bí aago kan òru títí tí ilẹ̀ fi ń mọ́ ni a fi wà níbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ abúlé tó fi okùn fà wá jáde. Dókítà kan ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé oògùn kan wà tí wọ́n fi ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún aláìsàn. Kí n sọ òtítọ́, bí ọ̀nà abúlé wa tilẹ̀ dán bí àwo, bóyá ni à bá fi bá àkókò yẹn. Síbẹ̀, n kò tíì gbàgbé bí mo ṣe ń fetí sí èémí rẹ̀ nínú òkùnkùn ọkọ̀ náà, tí mo ń kà á. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ọwọ́ ọ̀tún padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kò gbọ́ràn tó mọ́, wíwọ́ ló ń wọ́ ọ. Láti ìgbà náà, oṣooṣù ni mo ń lọ gbé e wá sí Ìbàdàn fún ìtọ́jú ẹsẹ̀ náà, tí mo sì ń gbé e padà, nítorí pé kò yí ọkàn rẹ̀ padà nípa ilé alájà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo gbé ọkọ̀ sókè. RAV4 tokunbo ti ọdún 2010 ni mo ń lò, àmúlùmálà ọkọ̀ tí kì í ṣe jíìpù gidi, tí kì í sì í ṣe káà pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, mẹkáníìkì mi fi irin ribiti kan sí orí ṣọ́ọ̀kì iwájú, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ẹ̀yìn, ọkọ̀ sì ga sí i ní ínǹṣì méjì. Ó ní bí a bá ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú yóò tẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, yóò sì bàjẹ́ láìpẹ́. Mo gbà á gbọ́, inú mi sì dùn. Gbogbo àdúgbò ló ń yin ọkọ̀ náà. Ìgbà tí òjò ọdún náà dé, ọkọ̀ gíga náà tún rì ní ibi kan náà tí ó ti rì tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé láti ibi gíga ni a ti rì lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ara ni mo ti ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, pé n kò tíì wo ẹsẹ̀ rárá.

Irú táyà pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ irú ọkọ̀ wa kàn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ọlọ́dà, tí ìlà ara rẹ̀ tín-ín-rín, tí kì í pariwo, tí kì í sì í jẹ epo púpọ̀. Òun ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi lóru ọjọ́ náà. Èkejì ni táyà ẹrẹ̀, tí wọ́n ń kọ M/T sí lára. Eyín rẹ̀ tóbi, àlàfo àárín eyín náà sì gbòòrò, kí amọ̀ lè máa já bọ́ bí táyà bá ti ń yí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé bó bá dé orí ọ̀dà, a máa kùn bí agbo oyin, bí ọ̀dà bá sì tutù, bíréèkì rẹ̀ kì í tètè mú, nítorí pé rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ kò pọ̀ tó. Ẹ̀kẹta wà láàárín àwọn méjèèjì, A/T ni wọ́n ń kọ sí òun. Bí mo bá fẹ́ fi bàtà ṣe àfiwé, bàtà aláwọ ọjọ́ ìsinmi ni ti àkọ́kọ́, bàtà òjò tí ń dé orúnkún ni ti èkejì. Ẹ̀kẹta dà bí sálúbàtà tí àwọn darandaran ń wọ̀, èyí tí wọ́n gé láti ara táyà fúnra rẹ̀: kì í ṣe òun ló dára jù níbi kankan, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́ dé.

Mo jókòó, mo ṣírò ìrìn àjò mi. Nínú ọ̀nà tó lé ní 100 kìlómítà, 9 péré ni kò lọ́dà. Òjò a sì máa rọ̀ sórí ọ̀dà bó ṣe ń rọ̀ sórí amọ̀, ìyá mi a sì wà nínú ọkọ̀ lórí méjèèjì. Mo fi táyà ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ń gbé inú ẹrẹ̀.

Orí ìwọ̀n ni àríyànjiyàn gidi wà. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ ju oúnjẹ lọ, ní kí n ra 245/65R17. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbé ọkọ̀ sókè, ẹsẹ̀ ńlá ló yẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kó dà bí géńdé tó wọ bàtà ọmọdé." 225/65R17 ni ọkọ̀ náà gbé wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Fún ẹni tí kò bá tíì fara balẹ̀ ka ara táyà rí, 225 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀. 17 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní ínǹṣì. Bí a bá ṣírò rẹ̀, táyà 225/65R17 ga tó nǹkan bí 724 mìlímítà láti òkè dé ilẹ̀, 245/65R17 sì ga tó 750. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 26, ìdajì rẹ̀ ni yóò sì fi gbé ìdí ọkọ̀ sókè, èyí ni 13 mìlímítà, tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Nítorí ìka kan yìí, ẹ́ńjìnnì yóò máa tiraka láti yí ẹsẹ̀ tó wúwo jù, aago tó ń sọ eré ọkọ̀ yóò sì máa purọ́: bó bá ní 100 ni mo ń sá, nǹkan bí 104 ni mo ń sá ní tòótọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń gbé irú ọkọ̀ yìí sókè kì í sábà kíyè sí. Lára ṣọ́ọ̀kì iwájú, àwo irin kan wà tí sípíríǹgì jókòó lé, àwo yìí kò sì jìnnà sí orí táyà rárá. Irin ribiti tí mẹkáníìkì fi gbé ọkọ̀ sókè wà ní òkè ṣọ́ọ̀kì, láàárín òun àti ara ọkọ̀. Ó jẹ́ kí ara ọkọ̀ jìnnà sí táyà, tí ojú yóò fi rí àlàfo ńlá tí ọkàn yóò sì máa sọ pé táyà ńlá yóò gbà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín táyà àti àwo sípíríǹgì kò fi irun kan yí padà, nítorí pé àwọn méjèèjì jọ so mọ́ra ni, ibi tí ọ̀kan bá lọ ni èkejì ń tẹ̀ lé e. Mo pe àbúrò mi, mo ní kí ó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ìka kan àti díẹ̀ ló gbà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ ra 235 nígbà náà." Ọmọ náà kì í tètè gbà.

Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un, nítorí pé 235 ìbá ṣeé fi sí i. Màámi ni kò jẹ́ kí n rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbé ọkọ̀ sókè ni kò ti lè dá wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kì í ga tó ibi tí ilẹ̀ ọkọ̀ wà. Èmi àti ọmọ aládùúgbò kan la máa ń gbé e, ọ̀kan lápá, ọ̀kan lábẹ́ itan. Ní ọjọ́ kan tí a ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, "Àkànní, ṣé òkú ni mí ni, tí ẹ fi ń gbé mi?" N kò rí èsì fọ̀. Nítorí kí n lè máa rí i ni mo ṣe gbé ọkọ̀ sókè, òun gan-an ni ọkọ̀ náà wá ga jù fún. Ẹni tó bá rò pé mìlímítà kan kò jẹ́ nǹkan, kí ó wo arúgbó tó ń wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Mo pinnu pé 225/65R17 ni n ó rà, n kò sì ní fi ohunkóhun kún gíga ọkọ̀ náà mọ́.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, nọ́ńbà àti lẹ́tà mìíràn wà tó yẹ kí a wò. Nọ́ńbà 102 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 850 kìlógíráàmù. 98 jẹ́ 750. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ń sọ eré tí táyà lè gbà: H jẹ́ 210 kìlómítà ní wákàtí kan, S jẹ́ 180. Ta ló fẹ́ sá 210 lọ sí Òkè-Ihò? Ṣùgbọ́n eré àti ooru jọ ń rìn ni, ooru sì ni ọ̀tá táyà ní ilẹ̀ wa. Àwọn kan wà tí LT ṣáájú nọ́ńbà wọn, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ wọn nípọn, òkúta kì í tètè gé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo, wọ́n sì le, atẹ́gùn tí wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n tó lè gbé ẹrù wọn ju ti ọkọ̀ mi lọ. Arúgbó tí egungun ń dùn kò nílò irú ìjókòó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ọjà. Àkókò kan wà tí Nàìjíríà ń ṣe táyà fúnra rẹ̀: Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà, Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní 2007, Dunlop dáwọ́ dúró ní 2008. Oko rọ́bà ṣì wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó àti Delta, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa ti ń wá. Òfin kò gbà kí wọ́n kó táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wọlé, síbẹ̀ òun ló kún ẹ̀gbẹ́ títì. Tuntun pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan a máa ki táyà kan bọ inú èkejì, wọn a sì ki ẹ̀kẹta bọ inú ìyẹn, kí ẹrù lè pọ̀ nínú kọ̀ǹténà. Bí wọ́n bá tú u ní èbúté, waya inú rẹ̀ ti ṣẹ́, ojú kò sì ní rí i.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, mo wọ ọjà kan ní Ìbàdàn. Ọkùnrin kan gbé táyà A/T mẹ́rin síta fún mi, ó fi òróró pa wọ́n, wọ́n ń dán. Mo tẹ̀ ba, mo wá lẹ́tà DOT lára ẹ̀gbẹ́ wọn, mo sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí: 1417. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2017. Táyà "tuntun" náà ti pé ọdún méje.

"Alàgbà," ni ọkùnrin náà wí, "táyà kì í ṣe ẹja, kì í jẹrà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọjá. Rọ́bà kì í jẹrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a máa gbó, a máa le, a sì máa sán wẹ́wẹ́ lábẹ́ oòrùn àti ooru. Lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti rí Yokohama Geolandar A/T G015, 225/65R17 102H, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4123. Bí mo bá wà ní Amẹ́ríkà ni, bóyá Falken Wildpeak A/T Trail ni n bá wá, nítorí pé irú ọkọ̀ àmúlùmálà yìí ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní Ìbàdàn ni ará Ìbàdàn ń rà. Lára táyà náà ni wọ́n kọ M+S sí, ẹrẹ̀ àti yìnyín. Yìnyín tí ìyá mi mọ̀ kò ju èyí tó máa ń bọ́ pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀ lọ, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ.

Márùn-ún ni mo rà, kì í ṣe mẹ́rin, nítorí pé ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni RAV4 yìí ń gbé àpọ̀jù ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí òkúta bá gé ọ̀kan ni n ó padà sí orí apárí. Owó náà dùn mí, n kò ní purọ́. Fọkanáísà tó so wọ́n mọ́ ríìmù fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn 45 sí wọn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń ṣe. Mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo fi ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ hàn án: 32. Ó mi orí bí ẹni pé mo fẹ́ pa ọkọ̀ ara mi. Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ tún ìdúró ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ṣe, torí pé ọkọ̀ tí a gbé sókè tí a kò tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò yóò jẹ ẹ̀gbẹ́ kan táyà tán kí ọdún tó yípo.

Ó ń pariwo díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ń mu epo díẹ̀ sí i. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ lọ gbé Màámi sì pé. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀dà parí sí, mo dín atẹ́gùn kù sí 22 kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀. Páńpù kékeré tí ń lo iná ọkọ̀ wà nínú bùútù tí n ó fi fẹ́ ẹ padà. Mo dé létí odò náà. N kò dúró, n kò sì sáré. Ọkọ̀ yọ̀ sí òsì, ó yọ̀ sí ọ̀tún, eyín táyà wá ohun kan dìmú nísàlẹ̀ amọ̀, a sì gòkè. Ìgbà tí mo gbé Màámi padà bọ̀ ní ọ̀nà kan náà, kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá ibẹ̀. Ó wá ní, "Ibí yìí ni, àbí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kápẹ́ńtà abúlé ti kan àpótí alátẹ̀gùn méjì fún un. Ó máa ń gbé ẹsẹ̀ òsì lé e, á fa ọ̀tún tẹ̀ lé e, á di ilẹ̀kùn mú, á sì wọlé fúnra rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ gbé àpótí náà sínú bùútù, ó kọ̀. Ẹ̀bá ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé e sí. Ó ní bí ọkọ̀ mi bá tún rì, òun kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó gbé òun sọ̀ kalẹ̀.